Aṣọ Ìpò Ilẹ̀ Bùnú: Ǹjẹ́ Òwú Òkèèrè Sọ Iṣẹ́ Di Àjèjì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá aṣọ ìpò mu gan-an, nítorí pé inú aṣọ mìíràn ni àwọ̀ tí ó fi níyì ti jáde wá.

Aṣọ pupa ni ìpò. Àwọn Bùnú, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Yorùbá tí a ń pè ní Òkun, ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí Lọ́kọ́jà àti Ganaja, ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Bí olóyè tàbí ọlọ́rọ̀ bá kú ni a máa ń gbé e jáde láti fi bu ọlá fún òkú. Láti rí òwú pupa, àwọn ahunṣọ a máa tú aṣọ pupa tí ó ti òkè òkun wá, títí kan kúbùsù ilé ìwòsàn, ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọn a sì tún un hun.

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òwú àjèjì ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, kí ó rántí àlàárì. Láti ìkọjá aṣálẹ̀ Sàhárà ni òwú sẹ́dà rẹ̀ ti ń wá láyé àtijọ́, síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé àlàárì kì í ṣe ti Yorùbá? Kì í ṣe ibi tí òwú ti wá ni ó ń sọ aṣọ di ti ẹni, bí kò ṣe ọwọ́ àti èrò tí ó hun ún.

Èrò náà kò sì kéré. Òfì ìdúró tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Òkun àti ti Ẹ̀bìrà ń lò máa ń mú aṣọ fẹ̀, kò dà bí òfì àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn tí aṣọ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ahunṣọ kò ya àwòrán sórí ìwé. Fọ́nrán ni ó ń kà, tí ó ń ṣà sókè, kí ọnà tó jáde.

Àléébù kan wà ṣá o. Kápẹ́ẹ̀tì Ardabil ti ilẹ̀ Páṣíà, tí ó wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún tirẹ̀ lára, èyí tí í ṣe 1539 sí 1540, àti orúkọ Maqsud ará Kashan. Ìpò wà ní British Museum ní ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ahunṣọ Bùnú kò hun orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ. Ìwé pàtàkì tí Elisha Renne kọ ní 1995 lórí aṣọ Bùnú, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ já lé àwọn olùkọ́ ọ̀la lọ́wọ́. Àwọn tí ó mọ ìpò hun ti dín kù púpọ̀. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí a gba ọ̀rọ̀ inú òfì lẹ́nu wọn, kí a sì fi Yorùbá kọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó ní àkísà bí àgbà, a kò ní mọ ẹni tí ó hun aṣọ.