Ìwé Kíká Nínú Abọ́

Mo ti jókòó ti àwọn ìyá alájọ ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó owó. Wọn ò wo ẹni tó lówó jù tàbí ẹni tó lẹ́nu jù. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé, wọ́n ká a, wọ́n gbọ̀n ọ́n nínú abọ́, wọ́n ní kí ọmọ kékeré kan máa mú un fún oníkálukú. Gbogbo ẹnu dákẹ́. Nọ́ńbà kìíní bọ́ sọ́wọ́ ìyá elépo tí kì í sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Ẹwà ìbò ṣíṣẹ́ nìyẹn.

Kí ìbò tó di ọ̀rọ̀ àpótí àti káàdì, ìbò ni babaláwo ń fi lé oníbèéèrè lọ́wọ́ láti mọ èyí tí Ifá yàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni, ní 2016, ilẹ̀ Ireland ṣa ará ìlú 99 láìwo ojú ẹnikẹ́ni, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ́dọ̀ọ́ lágbà, láti gbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Adájọ́ Mary Laffoy ni alága. Wọ́n ń pàdé lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gbọ́ tẹnu onímọ̀, wọ́n sì jọ ń rò ó. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tú palẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, gbogbo ìlú dìbò lé e lórí.

Bí wọ́n bá fẹ́ tún gọ́tà ṣe ní Bọ́ládé, mo fẹ́ kí wọ́n ṣa irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìbò lè mú alákàrà tí omi ń wọ ìsọ̀ rẹ̀, kó lè mú oníkẹ̀kẹ́ Márúwá náà. Kí wọ́n sì san owó ọjà ọjọ́ ìpàdé fún wọn, torí alákàrà tó ti ìsọ̀ kò ní rówó wọlé.