Aṣebi inú Iwájú àti Géèmù tí Kò Ní Aṣebi

Nínú lámèyítọ́ eré àti fíìmù, aṣebi ni a lè pe ẹ̀dá-ìtàn tí ète tirẹ̀ dojú ìjà kọ ète olú ẹ̀dá-ìtàn, tí ìtàn kò sì ní lè rìn mọ́ bí a bá yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe bí ìwà rẹ̀ ṣe burú tó ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òǹkọ̀wé tó dá a, bí kò ṣe ohun tí aṣebi náà gbára lé nínú àwùjọ tí ó fi ń rí àyè ṣe ibi.

Ní ti èyí, Iwájú, fíìmù kàtúùnù alápá mẹ́fà tí Disney àti iléeṣẹ́ Kugali gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, yẹ ní kíkà sí. Èkó ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: àwọn olówó ń gbé ní Island, àwọn mẹ̀kúnnù wà ní Mainland. Bode DeSousa, tí Femi Branch fi ohùn rẹ̀ gbé jáde, ń jí ọmọ àwọn olówó gbé kí ó lè gba owó ìtúsílẹ̀. Tunde, bàbá Tola tó jẹ́ ọmọbìnrin olówó ní Island, ṣe Otin, alángbá róbọ́ọ̀tì, láti máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Kole, ọ̀rẹ́ Tola tó jẹ́ ọmọ tálákà, ni Bode ti ń wá ojú ihò tí yóò gbà wọlé. Òṣì Kole ni irinṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìbọn. Orúkọ ìdílé Bode pàápàá jọ ti àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá, ó sì ṣòro kí ẹni tó mọ ìtàn má rántí Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú ní Ouidah tó kú ní 1849, yálà àwọn tó kọ ọ́ ní i lọ́kàn tàbí wọn kò ní i. Lójú ẹni tó sì ń gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní, tó gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, ìjínigbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú rárá.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti mọ irú àwọn aṣebi mìíràn ṣáájú èyí. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, fi àwọn àjẹ́ ṣe ọ̀tá ìlú nínú fíìmù Ayé ní 1979, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe Òṣétùúrá tó bá wọn jà. Bẹ́ẹ̀, aṣebi rẹ̀ tó lágbára jù lọ kò ní ìyẹ́, kò sì fò lóru: ọ̀dàlẹ̀ láàárín àwọn aṣáájú ni, nínú Yorùbá Ronú ti 1964. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá rí ara rẹ̀ nínú eré náà, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ eré Ògúndé, títí Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn, fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1966. Kò sí ẹni tó bínú sí Bode bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ni ó kórìíra ajínigbé, nítorí náà kò sí alágbára kan tí ó ní láti wo ojú ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gba ìrònú ni géèmù orí fóònù tí ó bá Iwájú rìn, Rising Chef, tí Maliyo Games ti Èkó ṣe, iléeṣẹ́ tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012. Oúnjẹ Nàìjíríà ni ẹni tó ń gbá géèmù yìí ń sè fún àwọn oníbàárà, aago sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ó dára kí ọmọdé rí oúnjẹ ilé rẹ̀ nínú géèmù tí Disney fi orúkọ rẹ̀ lé, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Síbẹ̀, géèmù ní ohun tí fíìmù kò ní, èyí ni pé ó lè fi yíyàn lé ẹni tó ń gbá a lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ kí ó jìyà ohun tó yàn. Gbogbo owó tó ń wọlé láti ìdí ìkòkò kò yí nǹkan kan padà láàárín Island àti Mainland. Oníbàárà kàn ń bọ̀, ó ń jẹun, ó ń lọ. Ipò Kole gan-an ni ì bá ti fi ẹni tó ń gbá géèmù sí, kí owó oúnjẹ má tó gbọ́ bùkátà ilé, kí ìránṣẹ́ Bode sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.