I. K. Dáírò àti Orin Ìṣọ̀kan

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Ring Road kọjá ní Ìbàdàn yóò gbọ́ ju èdè kan lọ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, nítorí ọ̀nà náà kì í ṣe ti agbo-ilé kan ṣoṣo. Ní 1960 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré Liberty tí ó wà níbẹ̀, èyí tí ń jẹ́ pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nísinsìnyí. Ní ọdún Òmìnira yìí kan náà ni I. K. Dáírò kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Morning Star, wá ṣeré níwájú àwọn ọlọ́lá ní Ìbàdàn, tí òkìkí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí kàn.

Ọ̀fà ni wọ́n bí Dáírò sí ní 1930, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn ẹbí rẹ̀. Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó borí nínú ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di Blue Spots. Ní 1963, wọ́n fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá.

Ìwàásù ìṣọ̀kan kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu akọrin. Orin tí a fi ìṣọ̀kan mọ ni ó ṣọ̀wọ́n. Nínú orin Dáírò, àkọ́díọ́nù, dùùrù òyìnbó tí a ń fà tí a sì ń fún, kò bo ohùn gángan mọ́lẹ̀. Ó kọrin ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà láìtijú, ó sì kọrin ní Ẹ̀dó, Ùròbò, Ìtsẹkírì àti Hausa.

Àwọn kan lè sọ pé ọgbọ́n ọjà ni èyí, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀ nínú àwo ni yóò rà á. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjà a máa kọ́ olúkúlùkù láti ṣọ́ ìsọ̀ tirẹ̀. Ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, Dáírò tí í ṣe Aládùúrà para pọ̀ mọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá, Mùsùlùmí àti ọ̀gá nínú àpàlà, wọ́n dá Star Records sílẹ̀, kí akọrin lè ni ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Dáírò kú ní 1996, lẹ́yìn tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà. Bí olùkọ́ bá ń fi orin rẹ̀ kọ́ni, kí ó má ṣe dúró lórí èyí tí ó jẹ́ Yorùbá nìkan. Kí ó pe ọmọ tí ó gbọ́ Ùròbò tàbí Hausa nínú kíláàsì láti túmọ̀ èyí tí ó kù fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.