Ohùn Ìlù nínú Orin Ìsìn Kìrìsìtẹ́nì

Àwọn ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fàyè gba ìlù ìbílẹ̀ nínú ìsìn. Àwọn alárìíwísí ka èyí sí ìfojú-tín-ín-rín àṣà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. Àwọn Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ gbọ́ èdè ìlù. Bàtá ni ìlù Ṣàngó, ìgbìn ni ti Ọbàtálá. Bí wọ́n bá dún, oríkì òrìṣà ni etí ń gbọ́. Ìbẹ̀rù ìlù nígbà náà, ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ ni.

Orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọ́pò ìlù náà ní àléébù tirẹ̀. Bí orin bá gòkè lórí sílébù kejì, 'ẹ̀jẹ̀' a di 'ẹ̀jẹ́', 'ọkàn' a sì fẹ́ dún bí 'ọ̀kan'. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì, Marina, Èkó, láti 1914 di 1962, rí àléébù yìí, ó sì gbìyànjú láti mú kí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ìwé rẹ̀, *Yoruba Music* (1953), jẹ́ ẹ̀rí sí i.

Ìlù padà wọlé. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, wà lára àwọn tí ó fi ìlù àti àtẹ́wọ́ kún ìsìn. Sáàmù 150 ni àwọn alágbàwí ìlù sábà máa ń tọ́ka sí. Sáàmù náà fi hàn pé ohun èlò orin tọ́ sí ìyìn Ọlọ́run; kò dáhùn ìbéèrè ohun tí ìlù tí ó ń fọhùn yóò máa wí.

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọ òde òní gbàgbé. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú ń gbè é ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn, iṣẹ́ gúdúgúdú ni ìyáàlù ń ṣe. Onílù ń fún ọṣán, ohùn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ijó ni ìjọ ń jó sí i, kò sí ẹni tí ó ń retí gbólóhùn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti onílù nìkan. Ohùn ni ìlù ń sọ, kì í sọ kọ́ńsónáǹtì. 'Ẹ̀jẹ̀' àti 'ìyìn' kò yàtọ̀ lẹ́nu ìlù. Gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó lè yé olùgbọ́, gẹ́gẹ́ bí oríkì ṣe ń yé ará ilé. Nítorí náà, ìjọ tí ó bá fẹ́ kí ìlù wàásù gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ Bíbélì àti oríkì Olódùmarè tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ lórí, kí onílù sì kọ́ wọn.

Àwọn àgbà ìjọ́sí lé ìlù jáde nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wọn. Bí ìjọ òde òní bá gbà á wọlé nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé wọn mọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó lé e bu ọlá fún ahọ́n rẹ̀ ju ẹni tí ó gbà á lọ.