Ta Ló Sọ Fún Ọ?

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ nípa ogun Ìjàyè. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé pọ̀ ní Jẹ́ríkò tí à ń gbé, síbẹ̀ n kò ṣí ìwé kankan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ mi padà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí etí rẹ̀: “Ta ló sọ fún ọ?” N kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yìí ni mo fi ka The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, kí ó tó jáde ní 1921.

Mo yin Johnson nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè olùkọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó ní ẹnu àwọn apìtàn ni òun ti gba ìtàn àtijọ́, àti pé láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ló ròyìn fún òun. Ó dárúkọ mẹ́ta: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, Josiah Oni, oníṣòwò tó mọ ilẹ̀ yìí káàkiri, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ.

Ibi tí ó kù sí ni pé, nínú ìtàn gan-an, kì í sábà sọ èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí. Mo ka bí Kúrunmí ti Ìjàyè ṣe rorò tó, n kò sì mọ ẹni tó sọ ọ́. Ìbàdàn ló ṣẹ́gun Ìjàyè ní 1862. Ará Ìbàdàn ni Kúkọ̀mí. Abẹ́ Ìbàdàn ni Ẹdẹ wà nígbà náà. Ìbàdàn ni Johnson fúnra rẹ̀ gbé dàgbà. Kò pe ìkankan nínú àwọn mẹ́ta náà ní ọmọ Ìjàyè. N kò ní irọ́ ni ó pa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn ni.

Mo tún àròkọ mi kọ. Mo fi orúkọ ìwé àti ojú ewé sí ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo ti mẹ́nu kan ìwà Kúrunmí, mo kọ ọ́ pé: “Johnson ló wí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun ni ó gbé.” Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí, mo ti ní èsì.