Ìtọ́wò Lẹ́yìn Ìsanwó

Àṣà méjì ni ó wà lọ́jà wa tí a fi ń mọ ẹni tí ó mọ ọjà tà. Èkíní ni ìtọ́wò: ẹlẹ́mu yóò bu ẹmu díẹ̀ sínú igbá fún oníbàárà kí wọ́n tó dúnàá-dúrà. Èkejì ni èènì: lẹ́yìn tí a bá ti wọn gààrí tán, tí owó sì ti bọ́ sọ́wọ́, ìyá onígààrí yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ìtọ́wò a máa ṣáájú owó. Èènì a máa tẹ̀ lé owó. Kò sí èyí tí ó dín ohun tí a rà kù nínú méjèèjì. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn ohun kékeré kan tí ó wà nínú ilé àti ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ wa: kátíríìjì ìbẹ̀rẹ̀, èyíinì ni ike íńkì tí ó máa ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun wá nínú páálí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ náà lè rò pé èènì ni. Kì í ṣe èènì. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, íńkì tí ó wà nínú kátíríìjì ìbẹ̀rẹ̀ kéré sí ti èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, bí ike méjèèjì tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ta ẹ̀rọ náà ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì ń wá èrè wọn lára íńkì tí a óò máa rà lẹ́yìn náà. Ìtọ́wò ni, ṣùgbọ́n ìtọ́wò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ lẹ́yìn tí owó ti wọ àpò olówó ni. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: nínú àwọn ẹ̀rọ tí orí tí ó ń tu íńkì jáde kò sí lára kátíríìjì, apá kan nínú íńkì àkọ́kọ́ máa ń bá kíkún ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ pé ojú ọ̀nà yóò mu nínú rẹ̀, ṣé àfikún kọ́ ni ó yẹ kí a ṣe sí i, dípò àdínkù?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni ẹni tí ó ra àlòkù. Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé. Orúkọ yìí kan náà ni a wá yá fún ọkọ̀, fìríìjì àti ẹ̀rọ tí àwọn ará ibòmíràn ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tí ó wà nínú àyálò náà. Kò pe ohun àlòkù ní pàǹtírí. Ó pè é ní ẹni tí ó ti àjò dé, tí ayé rẹ̀ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí òpópó Òtígbà ní Ìkẹjà, nínú ọjà tí a mọ̀ sí Computer Village, ẹ ó rí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì tẹ ìwé púpọ̀ kí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ tó pa á tì, kátíríìjì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní inú rẹ̀.

Kátíríìjì bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ lò. Yóò fi sírínjì fa íńkì, yóò rọra gún un sínú fóòmù inú ike náà díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà há sí i, yóò sì fi aṣọ tútù nu ojú ihò rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó gba ìmọ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP àti Canon tí owó wọn kò pọ̀, ara kátíríìjì gan-an ni ihò tí ń tu íńkì jáde wà, ìgbóná ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́: íńkì bíńtín yóò hó lójijì, ooru rẹ̀ yóò ti ẹ̀kán íńkì sórí ìwé. Bí íńkì kò bá sí níbẹ̀, ìgbóná náà yóò jó ojú ara rẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi í dúró kí ó gbẹ pátápátá kí ó tó rọ ọ́ kún. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti ayébáyé ni àwọn àáfáà ilé kéú ti ń po tàdáwà. Bí ó bá tán nínú ìgò, òmíràn ni wọn yóò pò sí i, wọn kò jẹ́ ju ìgò nù. Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Ohun tí ó ń dí oníṣẹ́ ọwọ́ yìí lọ́wọ́ ni ṣíìpù, ẹ̀yà kóńkó tí ń pa ìrántí mọ́ lára ọ̀pọ̀ kátíríìjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í wo inú ike; ìṣirò ohun tí a ti tẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí ìṣirò náà bá ti pé, yóò ní íńkì ti tán, ìbáà jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ kún dẹ́nu ni. Nínú àwọn ẹ̀rọ HP kan, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kátíríìjì tí a kọ SETUP sí lára ni a gbọ́dọ̀ fi ṣí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ mìíràn tí a ti ṣí tẹ́lẹ̀ kò sì ní gbà á. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ méjì tí ó jọra, tí ọ̀kan kú, kò lè fi íńkì òkú gbọ́ ti alààyè. Ogún tí a jẹ tí a kò lè ná ni mo pe èyí.

Kí ni àwọn tí ó ṣe é wí? Ní oṣù January 2024, Enrique Lores, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà HP nígbà náà, ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìdókòwò ni oníbàárà tí ó ra ẹ̀rọ jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà; bí kò bá tẹ ìwé tó, tàbí tí kò lo íńkì wọn, ìdókòwò tí kò dára ni. Mo yìn ín pé kò fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí ipò padà: ẹni tí ó mú owó wá sọ́jà ni ó di oko tí ẹlòmíràn ń retí ìkórè rẹ̀. Wọ́n tún ń sọ pé íńkì tí kò dára lè dí ihò ẹ̀rọ. Òtítọ́ ni, ó lè dí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ta ni yóò bàjẹ́? Ní oṣù September 2016, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP ṣàdédé kọ kátíríìjì ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀, nítorí àṣẹ tí a ti fi sí inú wọn. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì pé òun kò là á yé àwọn oníbàárà, ó sì parí ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là. Inú ilé onílé ni ẹ̀rọ wà tí ó fi yí ìwà padà.

Ìdájọ́ kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Lexmark ta kátíríìjì ẹ̀rọ lésà, tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ dípò íńkì, ní ẹ̀dínwó, ó sì bá àwọn tí ó rà á ṣàdéhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò lò ó. Impression Products ń rọ irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ kún láti tún un tà. Ní ọjọ́ 30 oṣù May 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ pé bí ẹni tí ó ni ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀ bá ti ta ohun kan, agbára tí ìwé-àṣẹ náà fún un lórí ohun náà ti parí, ohun yòówù tí ìbáà kọ sínú àdéhùn. Ìdájọ́ tí ó bá làákàyè ọjà wa mu ni. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kò gbọ́ ẹjọ́. Ohun tí a kọ sí i ni ó mọ̀.

Èsì tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀ wá láti ọwọ́ àwọn tí ń rọ íńkì. Ní Indonesia, àwọn ènìyàn ń so táńkì íńkì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ Epson láti ìta. Ní 2010, Epson fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ oní-táńkì jáde ní orílẹ̀-èdè náà, èyí tí a fi ìgò rọ íńkì sí. Owó rẹ̀ ju ti àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n iye tí ó pè é náà ni iye rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní bíba ọjà jẹ́ ni ó di ọjà.

Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni kátíríìjì inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó kìíní tàbí olówó kẹta. Bí ó bá jẹ́ ìtọ́wò ni, kí wọ́n jẹ́ kí a tọ́ ọ kí a tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ èènì ni, kí ó kúnwọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n tà á ni, kí wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.