Erin Mélòó Ló Ń Jà?

Bí ASUU bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, òwe kan náà la máa ń pa: erin méjì ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Èmi náà ti pa á rí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ìjọba ni òwe yẹn ń gbè. Lọ́dún 2009, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn olùkọ́ ṣàdéhùn. Lọ́dún 2022, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé fún oṣù 8, wọ́n ṣì ń fa àdéhùn yẹn náà. Ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó ń sin ín, ṣé erin méjì nìyẹn? Lóòótọ́, ASUU náà lẹ́bi tiwọn: idà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n fà, ọrùn wa ló sì ń bà. Ṣùgbọ́n ìjọba dá owó oṣù wọn dúró nígbà náà. Koríko làwọn náà jàre. Wọ́n kàn ga jù wá lọ díẹ̀ ni.